Ẹni Tí Kò Lè Ṣe Ọ́ Lóore

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ní Ìyànà-Ìbà láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tó ń lọ sí Ìjànìkin, tó wá ní kí òun máa ka pátákó ṣọ́ọ̀ṣì, yóò ti sú u kó tó kọjá Òkòkòmáíkò. Ọ̀kan wà lókè ilé ìtajà, ọ̀kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, òmíràn kò ju àgọ́ onípáànù lọ, síbẹ̀ ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀ ju ti kàtídírà lọ. N kò bínú sí i. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ọ̀dọ́ máa lu ìlù nínú ilé Ọlọ́run ju kó máa fọ́ ìgò ní gáréèjì lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ Ajé. Lójú títì yìí kan náà, kọ́ńdọ́ á máa bú ìyá àgbà nítorí ṣéńjì. Akẹ́kọ̀ọ́ LASU tó wọ kóòtù á máa ṣu ètè pe onímárúwá bí ẹni tó ń pe ajá. Ọ̀gá nínú ọjà Alábá á fọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ létí lójú oníbàárà. Bí ẹ bá sì wádìí, púpọ̀ nínú wọn ló kọrin ìyìn lánàá títí ohùn fi há. Ohun tó mú mi jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí sí yín nìyẹn.

N kò fẹ́ kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ Àwórì, àní ọmọ Yorùbá yòówù, ti kọ́ ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ kó tó mọ ABD. Mo sì ti rí ìdọ̀bálẹ̀ láyé mi débi pé n kì í tètè gbà á gbọ́ mọ́. Ẹni tó ń wáṣẹ́ á dọ̀bálẹ̀. Ẹni tó jẹ gbèsè á dọ̀bálẹ̀. Olóṣèlú tó ń wá ìbò á dọ̀bálẹ̀ fún ìyá elépo. Ẹ jẹ́ kó wọlé ná, ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ni yóò máa lé ìyá kan náà kúrò lọ́nà. Ojú la rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnìkan ní ìrẹ̀lẹ̀, ẹ má wo bó ṣe ń ṣe níwájú bíṣọ́ọ̀bù tàbí níwájú ọba. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe sí ẹni tí kò lè ṣe é lóore kankan: ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń ta omi nínú gosiló, ọmọ ọ̀dọ̀, arúgbó tí kò ní ẹni tó máa gbèjà rẹ̀. Ohun tí ìgbàgbọ́ ti ṣe nínú ènìyàn, ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ló ti ń hàn.

Àwa Kristẹni kò sì ní àwíjàre, nítorí Olúwa wa kò fi ẹnu lásán kọ́ni lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó wà nínú orí 13 ìwé Jòhánù. Nílẹ̀ Júdíà ayé ìgbà náà, eruku ni ọ̀nà, sálúbàtà ni wọ́n ń wọ̀, iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tó kéré jù nínú ilé sì ni kó fọ ẹsẹ̀ àlejò. Lálẹ́ tó kù dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n mú un, Jésù bọ́ aṣọ òkè rẹ̀ sílẹ̀, ó sán aṣọ ìnura mọ́ ìdí, ó bu omi, ó sì ń fọ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Pétérù kọ̀. Àwọn oníwàásù máa ń sọ pé ọ̀wọ̀ ló jẹ́ kó kọ̀. Èmi fura pé nǹkan mìíràn wà ńbẹ̀. Bí Ọ̀gá bá lè fọ ẹsẹ̀, ta ni nínú wọn ló tún máa lẹ́nu láti ní iṣẹ́ kan kéré sí òun? Pétérù ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Èyí tó máa ń dá mi dúró jù ni pé Júdásì wà lórí ìjókòó. Jésù mọ ohun tó ń rò, ó sì fọ ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà. Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ó fi ìkánjú ṣe tiẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ilé tiwa. Ní ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì kan, tí n kò ní dárúkọ, ojú mi ló ṣe. Ìyá kan ti wọ ọkọ̀ ojú omi láti òdìkejì ọ̀sà wá, ó gbé apẹ̀rẹ̀ àgbọn àti ẹja gbígbẹ fún ọrẹ, ó sì ti jókòó ní ìlà kejì kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọrin kejì, jíìpù dé. Ọ́ṣà wa, ọmọbìnrin tó mọ́ tónítóní, tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa sún sẹ́yìn díẹ̀." Ẹ̀yìn ti kún. Ẹnu ọ̀nà ni ìyá náà dúró sí pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi pe ọrẹ. Ọmọbìnrin yẹn kì í ṣe ọmọ burúkú o, ilé rere ló ti jáde. Ìkúnlẹ̀ yẹn gan-an ló ń dùn mí di òní: ọ̀wọ̀ ló fi lé e kúrò níbi tó jókòó sí. Àwa àgbà ìjọ ló sì kọ́ ọ. Jákọ́bù, nínú orí kejì ìwé rẹ̀, ti bá irú wa wí láti nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn, nípa olówó olórùka tí wọ́n fún ní àga àti òtòṣì tí wọ́n ní kó dúró sí ọ̀hún. Ó dà bí ẹni pé ó wá sí ìkórè wa.

Ọ̀kan nínú ohun tí mo fẹ́ràn lára àwọn ìjọ aláṣọ funfun, bí n kò tilẹ̀ sí nínú wọn, ni ẹnu ọ̀nà wọn. Ẹ dúró síwájú párìṣì Sẹ̀lẹ́ èyíkéyìí ní Ọ̀jọ́ tàbí Ìbà lọ́jọ́ ìsìn. Bàtà olówó ńlá àti sílípáàsì tó ti jẹ ní gìgísẹ̀ á wà níta, wọ́n á fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Oníbáńkì àti ẹni tó ń fọ́ òkúta á jọ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ kan náà, nínú sùtánà funfun kan náà. (Mo mọ̀ pé oyè ti gun orí sùtánà náà báyìí, pé àmùrè yìí ju àmùrè yẹn lọ. Ọmọ aráyé kò ní ṣaláì rọ́nà.) Samuel Bilewu Oshoffa, tó dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, tí à ń pè ní Sẹ̀lẹ́ yìí, sílẹ̀ ní 29 oṣù Kẹsàn-án 1947, káfíńtà ni ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí ìsọjí rẹ̀ mi Iléṣà tìtì ní 1930, ọkọ̀ katakata tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ló ń wà kí Ọlọ́run tó pè é. Mósè Orímọ́ládé, tí ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù tọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde ní Èkó ní 1925, arọ ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí láti kékeré. Ká ní àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yà sí ìkórè wa lọ́jọ́ náà, ìlà wo ni ọ́ṣà wa ì bá fi wọ́n sí?

Níwọ̀n bí mo sì ti dárúkọ Àjàṣẹ́, ìlú àwọn Ègùn, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ ilé. Àwa Yorùbá ojú ọ̀nà Àgbádárìgì máa ń fi Ègùn ṣẹ̀sín. A ń sín wọn jẹ bí wọ́n bá ń sọ Yorùbá, bí ọmọ kan bá sì ṣe gbọ̀ọ̀gbọ̀, a ó ní ó ń ṣe bí Ègùn. Wọ́n jọ ni ilẹ̀ yìí pẹ̀lú wa, a jọ ń fẹ́ ara wa, à ń jẹ ẹja wọn, à ń jẹ àgbọn wọn, a tún ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ Ìgbò tó ń ta tẹlifíṣọ̀n ní Alábá, ogún ọdún ló ti wà láàárín wa, "ọmọ Ìbò yẹn" ni orúkọ rẹ̀. Onísùúyà tó wà ní ìkòríta, àbókì la mọ̀ ọ́n sí. Ẹ ti jẹ ẹran ọwọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ kò bi í léèrè rí pé kí ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ọlọ́run tí à ń sìn mọ orúkọ rẹ̀ o.

Àwòkọ́ṣe tí mo fẹ́ fún yín kò jìnnà. Ọ̀sà tó wà lẹ́yìn Ọ̀jọ́, tí àwọn ará Ìréwè ń tukọ̀ gbà wá ná ọjà, òun náà ló lọ títí dé Àgbádárìgì. Létí omi yẹn, ní oṣù Kìíní 1845, àlùfáà kan tí kò tí ì pé ẹni ogójì ọdún gúnlẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther ni. Òun àti àwọn òyìnbó bíi Henry Townsend àti Charles Gollmer ni wọ́n jọ dé. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó ń retí wọn, papò dà, ogun sì dí ọ̀nà. Ó lé ní ọdún kan àbọ̀ tí wọ́n fi há sí Àgbádárìgì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n máa ń kó ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé lọ wò níbẹ̀, ibẹ̀ ló gbé ṣe nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì.

Ẹ ronú sí ẹni tó jẹ́. Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú kó ìlú rẹ̀, Òṣoògùn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ pé wọ́n fi òun pààrọ̀ ẹṣin nígbà kan, pé nígbà mìíràn ọtí àti tábà wà nínú ohun tí wọ́n fi ra òun. Ní 7 oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Myrmidon, gba òun àti àwọn yòókù lọ́wọ́ àwọn Pọtogí tó ń kó wọn kọjá òkun, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Ọmọ tí wọ́n ti fi díwọ̀n ọtí rí yìí ni wọ́n fi jẹ àlùfáà ní London ní 1843. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá padà dé, tó gbé àyà síwájú, tó ní òun kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tó kù nílé, ta ló máa bá a jà?

Ohun tó ṣe yàtọ̀. Ó ti tẹ ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ẹlòmíràn á ní òun ti gbọ́ èdè yìí tán. Crowther a máa jókòó ti àwọn àgbà tí kò mọ "a" yàtọ̀ sí "b", a máa tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, títí kan àwọn tí ẹ̀sìn wọn kì í ṣe tirẹ̀, a sì máa kọ òwe àti ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Odindi Bíbélì Yorùbá kò parí títí di 1884, ọwọ́ púpọ̀ ló sì wà nínú rẹ̀. Bíbélì tí ẹ ń há sí abíyá yẹn, tí ẹ fi ń dá àwọn aláìmọ̀wé lẹ́jọ́, ẹnu àwọn aláìmọ̀wé la ti gbọ́ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó sì dé Ìlọrin ní 1872, níwájú Ẹ́míà àti àwọn Mùsùlùmí, kò bá wọn fa ọ̀rọ̀ ya. Wọ́n bi í léèrè, ó fi sùúrù dáhùn látinú ìwé rẹ̀, wọ́n sì túká láìsí ìjà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí ojú fèrèsé aládùúgbò tó ń kírun, ẹ gbọ́ o.

Ní oṣù Kẹjọ 1846, lẹ́yìn tó dé Abẹ́òkúta, ó rí Àfàlá, ìyá rẹ̀ tí ogun ti yà wọ́n nípa láti ọdún 25 sẹ́yìn. Ìyá náà ti jìyà lẹ́rú, kò mọ ìwé, ọlá kankan kò sí lára rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ gbà á mọ́ra. Ní 1848 ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún níbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kì í fẹ́ kí ọ̀rẹ́ yunifásítì mọ ibi tí ìyá wọn ti ń yan ẹja. Ẹ̀yin ẹ máa lọ sí ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kí ẹ mú àwọn ọ̀rẹ́ náà dání.

Nígbà tó yá, Henry Venn, akọ̀wé CMS, ẹgbẹ́ àwọn oníwàásù tó rán wọn wá, ní London, ní kó wá jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Crowther kọ́kọ́ yẹra, Venn rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà. Ẹni tí kò fẹ́ rárá ni Townsend, tí wọ́n jọ há sí Àgbádárìgì. Kò rí i bí ohun tó ṣeé ṣe kí òyìnbó wà lábẹ́ aláwọ̀ dúdú. N kò ní kí ẹ gàn án. Òun ló dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, àwa tí à ń ka Yorùbá lónìí sì jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan. Ènìyàn lè sọdá òkun nítorí ìfẹ́ Ọlọ́run, kó bá ọ jẹun, kó bá ọ gbàdúrà, kó bá ọ sun ibà kan náà, kí ara rẹ̀ má sì gbà á kó rí ọ lókè òun. A máa ń fẹ́ràn ẹni tó wà lábẹ́ wa títí di ọjọ́ tó bá fẹ́ dìde. Ẹ wo inú ẹgbẹ́ akọrin, ẹ wo ìgbìmọ̀ ọ̀dọ́, ẹ ó rí i.

Wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní 29 oṣù Kẹfà 1864, Leeke tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ Myrmidon lọ́jọ́ kìíní ọjọ́ sì wà láàyè láti jókòó síbẹ̀. Wọ́n wá pín ilẹ̀ náà lọ́nà tí Èkó àti Abẹ́òkúta kò fi sí lábẹ́ rẹ̀. Ó gba èyí tí wọ́n fún un, ó sì kọjú sí Odò Ọya.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí iná ẹ̀mí ń jó nínú yín ti dẹ etí dáadáa nìyí. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan dé sí iṣẹ́ Odò Ọya. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í ṣe olè. Wọ́n kàwé, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n fi ìrọ̀rùn ilé wọn sílẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ń wọ ẹ̀wù bíi ti Hausa kí wọ́n lè sún mọ́ ènìyàn. Ọ̀kan nínú wọn, Graham Wilmot Brooke, kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, wọ́n jókòó ní Oníṣà, nínú ìgbìmọ̀ tí bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún náà ti ń ṣe alága, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan níṣojú rẹ̀. Ọmọ bíbí rẹ̀, Dandeson, tó jẹ́ ááṣídíákónì, wà lára wọn. Gbogbo ẹ̀sùn wọn kọ́ ni irọ́. Àbùkù wà lára àwọn òṣìṣẹ́ kan lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n bi léèrè? Láti 1841 ni bàbá yẹn ti ń wọ ọkọ̀ lórí odò náà, ó mọ ọba ibẹ̀, ó mọ ẹrú ibẹ̀, ó mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti lè yọ̀. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ kò rí ohunkóhun tí wọ́n lè kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ilé Ọlọ́run làwọn ń fọ̀ mọ́.

Bàbá dìde kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà. Ó kú ní 31 oṣù Kejìlá 1891. Brooke àti ẹnìkejì rẹ̀, J.A. Robinson, kò pẹ́ lẹ́yìn ìjókòó Oníṣà kí àwọn náà tó sùn: Robinson ní 1891, Brooke ní 1892, ohun tí wọ́n sì ń lépa kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. N kò sọ pé Ọlọ́run ló bá wọn jà. Ibà kì í bi ènìyàn nípa ìwà kó tó mú un. Ọdún 2014 ni ìjọ wọn tó wá ṣe ìsìn ní Canterbury, tí Áṣíbíṣọ́ọ̀bù Justin Welby tọrọ ìdáríjì lórí bí wọ́n ṣe hùwà sí bàbá náà. Ó ti lé ní 120 ọdún tó ti wà ní sàréè.

Ìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí gùn ni pé mo rí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn nínú yín. Ọmọ tó di àtúnbí lọ́dún tó kọjá nínú fẹ́lóṣíìpù yunifásítì á délé, á wo ìyá àgbà tó ti ń gbàwẹ̀ ọjọ́ Ẹtì kí a tó bí bàbá rẹ̀, á ní Ẹ̀mí kò sí nínú ìjọ rẹ̀. Á ní orin ìyá ti lọ́jọ́ lórí. Á ní aṣọ funfun jẹ́ ti ẹ̀mí òkùnkùn. Àwẹ̀ rẹ lè jẹ́ òótọ́, ẹ̀kọ́ rẹ lè gún régé, kí o sì jẹ́ agbéraga láti orí dé ẹsẹ̀. Ìgbéraga ẹni tó mọ̀ pé òun ń dẹ́ṣẹ̀ kò le tó ti ẹni tó gbà pé Ọlọ́run ló rán òun, nítorí ti èkejì yìí, ta ló máa lè bá a sọ ọ́?

Ẹ má ṣì mí gbọ́ ṣá o. Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ: "Bàbá, Èkó nìyí, ẹni tó bá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á gùn ún." Òtítọ́ wà níbẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni wọ́n máa ń wàásù ìrẹ̀lẹ̀ fún. Ọ̀gá tó jẹ ọ́ lówó oṣù mẹ́ta, tó ní kí o ní ẹ̀mí ìrẹ̀lẹ̀, owó rẹ ni kí o béèrè. Wòlíì tó ní kí ọmọbìnrin dá nìkan wá ṣe ìtẹríba lóru, kí ọmọbìnrin náà pariwo, kó sì sọ fún àwọn òbí rẹ̀. Crowther kò bú ẹnikẹ́ni ní Oníṣà, ṣùgbọ́n kò tún jókòó síbẹ̀ kí wọ́n máa fi ojú òun gbolẹ̀. Àwọn ìjọ etí òkun lábẹ́ Dandeson sì yọ ara wọn, wọ́n ń bọ́ ara wọn, wọn kò dúró kí ẹnikẹ́ni wá sọ fún wọn pé ènìyàn làwọn. Ìwọ náà wà lára àwọn tí Ọlọ́run dá. Ẹni tó bá gàn ara rẹ̀ kò tí ì rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó kàn fi ẹnìkan kún àwọn tó ń gàn ni.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Alábá, ọ̀rọ̀ yín wà lọ́tọ̀. Àṣà àwọn ará Ìgbò tó jẹ́ kí ọmọdé sin ọ̀gá fún ọdún púpọ̀, kí ọ̀gá sì dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún un lẹ́yìn náà, àṣà tó dára púpọ̀ ni. Ó ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà di ọlọ́jà. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ àwọn ọ̀gá tó jẹ́ pé nígbà tó bá ku oṣù díẹ̀ ni wọ́n máa ń rí i pé ọmọ náà jí owó. Mélòó kan nínú wọn ń ṣe alàgbà. Lẹ́tà kan wà nínú Bíbélì tí kò gùn tó ojú ewé méjì, tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Fílémónì nípa Ónẹ́símù, ẹrú rẹ̀ tó sá lọ. Pọ́ọ̀lù bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà á padà bí arákùnrin, ó ní bó bá jẹ gbèsè, kí wọ́n kà á sí òun lọ́rùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ọ̀gá lọ́wọ́, ẹ̀yin náà máa di ọ̀gá láìpẹ́. Bí ẹ óò ṣe máa pe ọmọ tó bá wá sin yín, òní ni ẹ ti ń kọ́ ọ.

Ti fóònù kù. Ẹ kó ìrẹsì àti aṣọ àlòkù lọ fún àwọn aláìní, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mẹ́wàá tò yí ìyá arúgbó kan ká, ẹ gbé àpò ìrẹsì lé e lọ́wọ́, ẹ ní kó rẹ́rìn-ín, ẹ fi í sí Facebook kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá yẹn ní ọmọ. Ọmọ rẹ̀ máa rí i. Ìrẹsì á tán lọ́sẹ̀ kejì, àwòrán náà á wà níbẹ̀ títí.

N kò ní iṣẹ́ ńlá láti rán yín. Ẹ béèrè orúkọ onísùúyà, kí ẹ sì pè é bí wọ́n ṣe ń pè é nílé rẹ̀. Bí kọ́ńdọ́ bá fún yín ní ṣéńjì, ẹ dúpẹ́. Ẹ wo bí gbogbo wa ṣe ń tò wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ọkọ̀ ojú irin tó ń ná Márínà sí Máìlì Tú láti 2023, tí kò sẹ́ni tó ń fi ìgunpá gún aláboyún. Ìgbà tí irin náà bá dé Òkòkòmáíkò níbí, mo lérò pé a ó máa tò bẹ́ẹ̀. Ohun tí a lè ṣe nítorí ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ ká ṣe é nínú dáńfó nítorí ènìyàn.

Ẹni tó bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láìdúró, Sátidé la máa ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì wa, agogo méje àárọ̀. Àwọn ìyá mẹ́ta kan ló ń dá a ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀yìn sì ti ń dun ọ̀kan nínú wọn. Ìgbálẹ̀ wà ńlẹ̀. Ẹ fi fóònù sílẹ̀ nílé.